Ẹ má fojú di UNILAG Marines ní sáà tó ń bọ̀

Láàárọ̀ yìí, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ Ìgànmú.
Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó so bàtà bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, koríko tútù ṣì há sí àtẹ́lẹ̀ bàtà náà.
Ìwé ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kà á bó ṣe ń dúró de dánfó Yaba.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ UNILAG Marines, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Yunifásítì Èkó, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Láti 2018 tí HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, ti bẹ̀rẹ̀, ohun kan ló máa ń kọ mí lóminú:
àwọn tó ti mọwọ́ ara wọn á gboyè jáde, àwọn tuntun á wọlé.
Kí wọ́n tó mọ ara wọn lójú pápá, ìdánwò ti dé.
Ìyanṣẹ́lódì tún wà: ní 2022, ti ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, gba oṣù mẹ́jọ gbáko!

Síbẹ̀, mo nígbàgbọ́.
Ẹ rántí Adokiye Amiesimaka. UNILAG ló ti ka ìwé òfin, ó sì wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà ní 1980, nígbà tá a na Algeria 3-0 ní Surulere.
Ẹ̀yìnkùlé wa níbí ni!

Ìwé àti bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀tá.
Bí kóòṣì bá tètè kó àwọn ọmọ ọdún kìíní jọ, tí wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ dáadáa, a ó kojú OAU Giants àti UI Pirates láìfòyà.

Ẹ̀yin ará Akọka, ta lẹ ti rí ní pápá tórí yín ń wú sí?