A Padà Sílé

Lẹ́tà tí wọ́n fi dù wá ní físà sọ pé kò dá wọn lójú pé a máa padà sílé. Owó wa wọgbó.

Nígbà tó yá, a wọkọ̀ ní Ifẹ̀, ó di Kétu, nílẹ̀ Benin. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà. Ní bodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù wa. Kò sẹ́ni tó béèrè iye tó wà ní báńkì.

Ní Kétu, ìyá àgbà kan bi wá pé níbo la ti wá.

"Ilé-Ifẹ̀ ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀ o. Ibẹ̀ làwa náà ti ṣẹ̀ wá."

Ọjọ́ kẹrin la padà s'Ífẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé wa. Ilé wa ni.