Ìbéèrè Tó Yẹ Oníṣòwò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀

Ẹni tí ọjà rẹ̀ kùtà ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, kì í wá ẹni tí yóò bá a tú ìdí ọ̀rọ̀ tì. Ará ilé á tú u, wòlíì á tú u, olórí ẹgbẹ́ ọjà náà á dá sí i. Títú ìdí ọ̀rọ̀ kò sì sọ owó sápò ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, olùdámọ̀ràn tó ní ìjókòó mẹ́rin péré pẹ̀lú oníṣòwò, ibi tí nǹkan ti ń lọ déédéé ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Steve de Shazer àti Insoo Kim Berg ló gbé irú ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní Milwaukee, l'Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá ibùdó wọn sílẹ̀ lọ́dún 1978. Ìdílé tí wàhálà bá ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún, kó tó wọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òwò. Ká ní a bi ìyá aláta kan pé mélòó ni yóò fún ìtajà rẹ̀ nínú mẹ́wàá, ó sì ní kò ju mẹ́ta lọ. A kò ní bi í pé méje yòókù dà. A ó ní, “Màmá, kí lẹ ń ṣe tí kò fi wálẹ̀ dé oókan?” Ó lè ní olóúnjẹ méjì láti Àkúrẹ́ kì í yẹ̀ lọ́dọ̀ òun, nítorí òun kì í da ata jíjẹrà mọ́ tútù. Ohun tó ń pa owó wọlé nìyẹn, ẹnu rẹ̀ ló sì ti jáde. Ó ku kó sọ olóúnjẹ kẹta tí yóò lọ bá kí ọjà mìíràn tó pé.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ ọn wà ní Lomé, ní Tógò. Nínú ìwádìí tí ìwé ìròyìn Science tẹ̀ jáde lọ́dún 2017, wọ́n pín oníṣòwò kéékèèké 1,500 sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdá kan kọ́ ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà bí a ṣe mọ̀ ọ́n, ìdá kejì kọ́ ìdánúṣe, ìdá kẹta kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Láàárín ọdún méjì, èrè àwọn tó kọ́ ìdánúṣe fi ìdá 30 nínú 100 ju ti àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ lọ. Ti àwọn tó kọ́ ìṣirò kò pọ̀ tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ẹ̀kọ́ Lomé kì í ṣe ti Milwaukee gan-an o. Àmọ́ àwọn méjèèjì gbà pé oníṣòwò fúnra rẹ̀ ni kó ronú ìgbésẹ̀ tó kàn, kó sì gbé e.

Ẹnìkan á ní ìyá aláta kọ́ ló ba ọ̀nà jẹ́, òun kọ́ ló sọ epo di ọ̀wọ́n. Òótọ́ ni, olùdámọ̀ràn tó bá sì fi ìbéèrè dídùn bo ẹ̀bi ìjọba mọ́lẹ̀, ẹlẹ́tàn ni. Síbẹ̀, ata tó wà nílẹ̀ lónìí kò ní dúró de ìjọba. Ẹlòmíràn á ní ìṣòro tí a kò bá hú tegbòtegbò á tún hù. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, mo gbà, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ. Ọjà tó kùtà kì í ṣe àìsàn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí wà l'Óǹdó, ó ń kọ́ olùkọ́. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Àkúrẹ́. Ẹ̀yin ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí, ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ yín sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí kálukú mú oníṣòwò kan fún ìjókòó mẹ́rin, kí wọ́n kọ èrè rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí kò bá yí padà, ẹ sọ fún wa.