Ọba Jòsáyà àti ìwé bàbá mi

Irun orí mi ti ń funfun kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò rọrùn fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìwé kà, ìtàn Jòsáyà, ọba Júdà, ni mo kọ́kọ́ kà tán nínú Bíbélì. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tó jọba ní Jérúsálẹ́mù, ó sì lo ọdún 31 lórí oyè. Mánásè, bàbá bàbá rẹ̀, ti gbé ère wọ ilé Olúwa. Ámónì, bàbá rẹ̀, kò lò ju ọdún 2 lọ tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ fi pa á.

Ní ọdún kejìdínlógún ìjọba rẹ̀, Jòsáyà ní kí wọ́n tún ilé Olúwa ṣe. Ibẹ̀ ni Hílíkíà, olórí àlùfáà, ti rí ìwé Òfin. Ó fún Ṣáfánì akọ̀wé, Ṣáfánì sì kà á sí etí ọba. Ẹ wò ó: ìwé wà nínú ilé, ọba kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀! Nígbà tí Jòsáyà gbọ́ ọ, ó fa aṣọ rẹ̀ ya. Kò ní irọ́ ni. Kò ní àwọn bàbá òun ló ṣẹ̀, kò kan òun. Ó ránṣẹ́ sí Húlídà, wòlíì obìnrin, láti bèèrè ọ̀rọ̀ Olúwa. Lẹ́yìn náà ó pe gbogbo ènìyàn jọ, ọmọdé àti àgbà, ó ka ìwé náà sí wọn létí.

Ìwé kan wà nínú ilé tiwa náà. Nígbà tí bàbá mi kú, ó fi àpótí kan sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí náà ni ìwé yìí wà. Olùkọ́ ìjọ kan ló bá a kọ ọ́ ní èdè wa, ní ọdún 1978. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú wa. Àwọn ọmọ wa tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, èdè Faransé ni wọ́n ń kà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tan fìtílà, mo mú ìwé náà jáde, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oko ọ̀pẹ tí a ń pè ní tiwa, kì í ṣe tiwa. Aládùúgbò wa kan ló fi í dógò lọ́dọ̀ bàbá mi, ó sì gba 20,000 fàráǹkì. Ọjọ́ tí òun tàbí ọmọ rẹ̀ bá dá owó padà, kí a dá oko padà. Bàbá mi tẹ̀ka sí i.

Ara mi tutù. Ọmọ aládùúgbò náà ti wá bá wa lẹ́ẹ̀mejì, owó lọ́wọ́. A ní irọ́ ló ń pa. Èmi gan-an ni mo ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Epo oko yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ìwé náà fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó ní: «Àbúrò mi, ta ló rí i? Jù ú síná.»

N kò sùn lóru náà. Mo rántí Jèhóíákímù, ọmọ Jòsáyà, tí òun náà jọba. Wọ́n ń ka ìwé tí Bárúkù kọ láti ẹnu Jeremáyà fún un, ó sì ń yáná. Bí wọ́n ti ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e, tí wọ́n ń jù ú síná, títí ó fi jóná tán. Bàbá fa aṣọ ya, ọmọ sun ìwé. Ṣùgbọ́n Olúwa ní kí Jeremáyà mú ìwé mìíràn, kó tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ilẹ̀ mọ́. Mo pe ẹbí jọ, mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó san owó, a dá oko rẹ̀ padà. Mo bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo tó bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi kì í ti í jẹun nílé mi mọ́. Ó ń dùn mí.

Ohun kan kù. Nékò, ọba Íjíbítì, ń kọjá lọ sógun. Ó ránṣẹ́ sí Jòsáyà pé kó má dá sí i, pé Ọlọ́run ló rán òun. Ẹnu àjèjì ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, Jòsáyà kò sì fetí sí i. Wọ́n ta á lọ́fà ní Mẹ́gídò, ó sì kú. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Èmi náà, òtítọ́ ti kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mejì láti ẹnu ọmọ tálákà, mo lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé bíi tèmi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohun tí ẹ ń kà yóò máa bá yín wí. Lọ́jọ́ náà, ẹ kà á tán. Ẹ má wá iná.