Panla Àkúrẹ́, Ṣáwá Oǹdó

Àkúrẹ́ ni mo ti ń bọ̀, mo sì ya Oǹdó. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo rù bọ̀.

Ọjà Ọba ni mo kọ́kọ́ yà sí ní Àkúrẹ́. Ìyá kan pàtẹ panla, èyí tó gan bí igi, tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko. Mo mú ọ̀kan, mo bèèrè iye rẹ̀. Nígbà tó dárúkọ owó, mo rọra dá a padà sórí àtẹ. Ìyá bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Kì í ṣe ẹjọ́ mi, ẹjọ́ dọ́là ni."

Kò parọ́. Dọ́là wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kẹta kan wà tí kò tíì dé etí ọjà. Inú ẹyin ẹja ló wà.

Ṣé ẹ mọ ibi tí panla ti ń wá? Nọ́wè ni, ilẹ̀ òtútù. Lọ́dọọdún, ẹja yìí a ti òkun àríwá wá yé ẹyin sí ẹ̀bá erékùṣù Lofoten. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń dè é. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í yan án. Orí igi ni wọ́n ń fi kọ́ láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, kí atẹ́gùn òtútù gbẹ ẹ́. Àwọn tó rántí ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, mọ̀ pé ó wà lára oúnjẹ ìrànwọ́ tí òyìnbó kó wá.

Ọmọ Jámánì kan, Flemming Dahlke, tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé, gbé ẹyin ẹja yìí kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kó o sínú omi tí ìgbóná wọn yàtọ̀ síra. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú èéfín ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́, èyí tó ń mú omi òkun kan, sí òmíràn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 nìyí: bí omi bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n, ẹyin ń kú, bí ó bá tún kan, ikú náà pọ̀ sí i.

Kí ló fà á? Omi gbígbóná kì í gba èémí púpọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ara bá gbóná gan-an ló ń fẹ́ èémí jù. Àgbà ẹja ní ìjàgbọ̀n tó fi ń mí, ó sì lè wẹ̀ lọ síbi tó tutù. Ẹyin ńkọ́? Kò ní ìjàgbọ̀n, kò lẹ́sẹ̀, ibi tí omi bá gbé e sí ló wà. Ìyá tó fẹ́ yé e pàápàá kò gbádùn. Ẹ wo aboyún tó ru ẹrù gun òkè lọ́sàn-án gangan, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ní 2020, wọ́n wo irú ẹja 694, ti òkun àti ti odò. Wọ́n ní bí ayé bá gbóná mọ níwọ̀n dígírì 1.5, bíi 10 nínú 100 ni yóò bọ́ sínú ewu kí 2100 tó pé. Bí a bá jẹ́ kó le kọjá àlà, ó lè tó 60.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni o. Ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, FUTA, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹja. Àjọ WASCAL, tí owó ìjọba Jámánì gbé ró, sì ti kọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbẹ̀ dé oyè ọ̀mọ̀wé nípa ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa.

Mo wọkọ̀, a gba Òwènà, ó di Oǹdó, ìlú Ọṣemàwé, níbi tí obìnrin kan, Lóbùn, ti jẹ́ olórí ọ̀rọ̀ ọjà. (Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ níbẹ̀!) Ṣáwá yíyan ló kún àtẹ wọn. Èyí kò ti Nọ́wè wá. Ọwọ́ àwọn Ìlàjẹ ló ti wá, ó gba Igbókòdá àti Òrè gòkè. Òkun wa ti gbóná látilẹ̀wá ní tirẹ̀, kò sì sí òtútù tí ẹja ibẹ̀ lè sá lọ bá nítòsí. Àwọn ọmọ ẹja tún nílò ẹnu ọ̀sà, láàárín gbòǹgbò igi inú omi iyọ̀, kí ẹja ńlá má baà gbé wọn mì. Ibẹ̀ náà ni òkun ń jẹ. Ẹ lọ wo Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, bí omi ṣe gbé ilé àti ọ̀nà lọ.

Mo ra ṣáwá. Nígbà tí oníṣòwò ń já ọ̀kan wò fún mi, ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin. Mo dákẹ́, mò ń wò ó. Ó ní, "Àbúrò, ẹ ò fẹ́ ẹ ni? Òun ló dùn jù níbẹ̀!" Ó sì sọ méjì sí i fún mi ní èènì.