Ẹ Má Fi Oko Bàbá Dógò

Mokhotlong, Lesotho
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara Màámi ti le? Inú ìwé ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, fóònù ni mo sì máa fi yà á ránṣẹ́ sí yín, torí ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi falẹ̀.

Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ní ọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ gba mílíọ̀nù méjì náírà lọ́wọ́ àbúrò wa, kí ó lè bá a wá ipò fọ́lọ́ńtíà bíi tèmi, àti pé ẹbí ti fẹ́ fi oko kòkó Bàbá dógò kí owó náà lè pé. Ẹ̀gbọ́n mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Mo mọ̀ pé fọ́tò tí mo ń fi ránṣẹ́ wà lára ohun tó fa èyí. Ẹni tó bá rí mi nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì aláràbarà táwọn ará ibí máa ń dà bora, tí yìnyín funfun báláú wà lẹ́yìn mi, á rò pé Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Áfíríkà ni mo wà, Ẹ̀gbọ́n mi. Gúúsù Áfíríkà ló yí Lesotho ká yípo, kò sì sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí kò ga ju òkun lọ ní 1,000 mítà. Àwa tí wọ́n bí sábẹ́ Òkè Ìdànrè rò pé a mọ òkè. Ní àgbègbè tí mo wà yìí, òkè kan wà tó ń jẹ́ Thabana Ntlenyana, tó ga ní 3,482 mítà. Èyí tí mo ń wò lójú fèrèsé mi kò tó o, síbẹ̀ kò sí igi kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Koríko, òkúta àti àgùntàn nìkan ni.

Nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín, òtútù ló ń pa wá. Alẹ́ ni mo máa ń pọn omi sínú garawa, torí ẹ̀rọ omi ti máa ń dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi inú garawa náà á tún bo ojú bíi dígí, etí ife ni mo fi ń fọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ se ẹ̀wà níbí, mo gbé e kaná lọ́sàn-án, kẹrosíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú sítóòfù mi, ẹ̀wà ò rọ̀. Omi ń hó o, ṣùgbọ́n níbi tó ga báyìí, omi á ti máa hó kí ooru rẹ̀ tó tó ti ilé. Ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́ mi pé kí n máa rẹ ẹ́ sómi mọ́jú.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níbí, àwọn ọkùnrin kan nínú wọn ti da ẹran kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Kò sẹ́ni tó máa kọjá lára mi láì kí mi pé "Lumela, 'm'e," ìyẹn "Ẹ ǹlẹ́, ìyá," bí ìgbà tí ẹni tó mọ ilé wa bá ń kí Màámi. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń fún mi, owó oúnjẹ àti kẹrosíìnì ni, kì í ṣe owó oṣù. Oògùn Màámi tí mo fowó rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, papa, tó jọ tùwó àgbàdo, àti ẹ̀fọ́ moroho láì sí ẹran ni mo jẹ títí owó náà fi pé. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí owó náà ṣe kéré tó ni.

Ẹni tó bá gba oko dógò ni yóò máa ká kòkó rẹ̀ títí a ó fi san gbèsè. Níbo lowó tí a ó fi san án ti máa wá? Lọ́wọ́ fọ́lọ́ńtíà? Kí ni Màámi máa jẹ nígbà náà?

Ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo sọ yẹn, akoto ni ó fi ń wọn àgbàdo. Akoto ọkọ rẹ̀ ni, láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Gúúsù Áfíríkà. Ní nǹkan bí 1990, ọkùnrin ilẹ̀ yìí tó lé ní 100,000 ló wà nínú kòtò wọ̀nyẹn. Nígbà tó yá, àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà. Ọkọ ìyá náà dé tòun ti ikọ́. Ìyá náà ní ní gbogbo ọdún tí ọkọ òun fi wà níbẹ̀, owó tó ń wọlé ni wọ́n gbójú lé, wọn ò ro oko mọ́. Ó mú mi lọ wò ó. Àgbàrá ti la ilẹ̀ náà sí méjì, kòtò àárín rẹ̀ jìn ju èèyàn lọ. Ó na ọwọ́ sí òdìkejì, ó ní ibẹ̀ yẹn ni ọkà bàbà òun máa ń wà.

Ní ti àbúrò wa, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ gidi ló kọ́. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi kí n tó dé ibí. Bó bá jẹ́ pé irú iṣẹ́ yìí ló wù ú lóòótọ́, láti 1987 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní ètò Technical Aid Corps, tó ń rán olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì ń sanwó fún wọn. Kí ó kọ̀wé sí wọn fúnra rẹ̀. Kí ó ṣiṣẹ́ ná nílé ìwòsàn kan nítòsí, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ iṣẹ́. Bí ó bá dá a lójú pé owó ló ń wá, kí ẹ sọ fún un pé kò sí níbí.

Ẹ bá mi gba ìwé tí ọkùnrin náà fún un, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ rí orúkọ tó kọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa ń gun òkè kékeré ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màá pè yín ní aago mẹ́wàá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ̀wé lórí oko Bàbá kí n tó pè.

Èmi àbúrò yín obìnrin.