Kẹ̀kẹ́ Lórí Òkúta Wẹ́wẹ́ ní Austria

Nígbà ìsinmi, èmi àti bọ̀ọ̀dá mi tó ń gbé ní Vienna gun kẹ̀kẹ́ yípo ìgbèríko kan létí odò Danube.

Petronell la ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò da ọ̀dà sọ́nà oko ibẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni, apá sì ń ro mí gan-an. Àárín oko ni Heidentor wà, ẹnu ọ̀nà gàgàrà tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní nǹkan bí 1,650 ọdún sẹ́yìn. Òpó mẹ́rin ló ní tẹ́lẹ̀. Méjì ló ṣì ga. Ní Hainburg, a gba abẹ́ géètì àtijọ́ kọjá. Wọ́n ní owó tí England fi ra Ọba Richard padà wà lára èyí tí wọ́n fi mọ odi ìlú náà.

Lẹ́yìn náà la gba orí afárá sọdá sínú igbó Stopfenreuth. Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Ṣé o rí igi wọ̀nyí? Èèyàn ló gbà wọ́n sílẹ̀." Ní December 1984, wọ́n fẹ́ gé igbó yìí láti fi odò ṣe iná mànàmáná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ sùn síbẹ̀ nínú òtútù, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lára wọn. Ọlọ́pàá fi kóńdó lù wọ́n, wọn ò kúrò. Ìjọba dá iṣẹ́ dúró. Ní 1996, igbó náà di ara ọgbà tí òfin ń dáàbò bò.

Odi ni mo lọ wò o, àmọ́ igi yẹn ni mo ń rò títí dòní. Owó ọba ló mọ odi. Kò sówó lọ́wọ́ àwọn tó sùn nínú igbó.