Ní Safed, Mo Pe Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìrìn-àjò ìjọsìn ni ó gbé mi dé Ísírẹ́lì. Ní ọjọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Òkun Gálílì, èmi wọ bọ́ọ̀sì gun òkè lọ sí Safed, ìlú olókùúta tí wọ́n kun ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ojú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ dybbuk ni mo tẹ̀ lé débẹ̀. Nínú ìtàn àwọn Júù, dybbuk ni ọkàn òkú tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó rí ìsinmi, tí ó wá wọ inú alààyè, tí ó sì ń gba ẹnu onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Ìpìlẹ̀ orúkọ náà ní èdè Hébérù ni "lẹ̀ mọ́". Ní Safed ni Isaac Luria, tí wọ́n ń pè ní Ari, èyí ni Kìnnìún, ti kọ́ni nípa irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1572. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Hayyim Vital, kọ ọ̀nà ìtúsílẹ̀ wọn sílẹ̀.

Mo ti rò pé ìléjáde lásán ni. Lóòótọ́, wọn a máa halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí náà, wọn a sì máa fun ìwo àgbò. Ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó ṣẹ̀. Wọn a ní kí ó gba ọmọ-ìka ẹsẹ̀ jáde, kí ó má baà pa alààyè lára. Wọn a sì gbàdúrà kí òkú náà pàápàá rí ìsinmi.

Ní ìtẹ́ òkú àtijọ́ tí ó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, mo dúró níwájú ibojì Ari, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tan àbẹ́là. Ẹ̀gbọ́n mi sọ sí mi lọ́kàn. Ilé bàbá wa ni ó dá ìjà sílẹ̀. A kò tíì parí rẹ̀ tí ó fi kú. Láti ọdún mẹ́rin, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ lójú mi. Ẹ̀mí kankan kò wọ inú mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi.

Mo pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, mo sì sunkún.

Ní alẹ́, mo pe aya rẹ̀ lórí fóònù. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ọmọ ní fóònù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un."